Orúkọ Mi Ni Anacleto

Ní Peniche tí wọ́n bí mi sí,
òórùn ẹja ló ń jí ènìyàn, kì í ṣe àkùkọ.
Bàbá mi Abílio ń tún àwọ̀n ṣe létí òkun,
ìyá mi Deolinda ń to sadíìnì sínú agolo,
orí síbí, ìrù sọ́hùn-ún, orí síbí, ìrù sọ́hùn-ún,
títí ó fi ń to bàtà wa bẹ́ẹ̀ nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi Ermelinda, ọmọ dáadáa.
Bí wọ́n bá ní kó jókòó, á jókòó.
Èmi Zulmira, bí wọ́n bá ní kí n jókòó,
mo máa ń kọ́kọ́ bi àga bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

Tíṣà ní ká ya ọkọ̀ ojú omi.
Gbogbo kíláàsì ya ọkọ̀, wọ́n jọra bí ẹyin.
Mo ya tèmi, mo wọ bàtà fún un.
Bí òkun bá fà sẹ́yìn ńkọ́?
Ṣé ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi rìn lọ bá a ni?
Tíṣà ránṣẹ́ pe ìyá mi.
Ìyá mi wo àwòrán náà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì,
ó mí kanlẹ̀,
ó ní, "Ṣùgbọ́n bàtà òsì ni méjèèjì."

Nínú eré ìgbéyàwó táwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe,
èmi ni wọ́n máa ń fi ṣe ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo ṣe ògiri náà dáadáa, kí n má parọ́.
Mo tilẹ̀ là láàárín lọ́jọ́ kan,
ìyàwó figbe ta, ó sá lọ sílé wọn.

Ìyá àgbà ní ẹja tútù là á ká,
bó bá gbẹ tán, ṣe ni yóò kán.
Wọ́n ká mi sọ́dọ̀ Fádà,
wọ́n ká mi sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ,
wọ́n ká mi sínú aṣọ funfun tó ń yún ni lọ́rùn.
Wọn ò mọ̀ pé inú oyún ni mo ti gbẹ wá.

Ní ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, ilé ìwé gba ìsinmi,
ìyá mi mú mi lọ síbi iṣẹ́.
Ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan.
Mo wo àwọn ẹja wọ̀nyẹn lójú.
Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè orúkọ rí!
Mo ya bébà wẹ́wẹ́, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́,
mo ń jù ú sínú agolo kí wọ́n tó dé e:
"Orúkọ mi ni Anacleto. Mo fẹ́ràn òṣùpá.
Ìwọ tí o fẹ́ jẹ mí, báwo ni nǹkan?"

Oṣù mẹ́ta kọjá, lẹ́tà dé láti Belgium.
Bàbá kan ní òun ṣí agolo lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
òun ò lè jẹ ẹ́ mọ́, búrẹ́dì lásán lòun jẹ sùn.
Ó ń béèrè bóyá Anacleto níyàwó.
Obìnrin kan ní Lyon ní kí wọ́n dá owó òun padà,
orúkọ ọkọ òun tó kú ni wọ́n kọ fún ẹja,
ẹja náà sì jọ ọ́.

Ọ̀gá Quintanilha gé owó ọ̀sẹ̀ kan lára owó ìyá mi.
Ìyá mi wọlé, kò sọ̀rọ̀.
Ó gbé ọbẹ̀ kaná, kò sọ̀rọ̀.
Ermelinda ń wò mí bí ẹni ń wo òkú.
Mo wọ bàtà sùn, bóyá wọ́n á lé mi lóru.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn ògiri,
ó ń ka lẹ́tà ará Belgium yẹn,
ìyá mi ń wí pé, "Tún un kà. Ibi ìyàwó yẹn."
Ẹ̀rín. Ẹ̀rín tí wọ́n fi ìrọ̀rí dí lẹ́nu.
Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan kán.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ojú ìyá mi le bí agolo.
Ó ju àpò oúnjẹ sí mi, ó kọjú sí ògiri.
Ilé ìwé ni mo ti tú u.
Bébà pélébé kan wà lórí búrẹ́dì, òróró ti rin ín:
"Orúkọ mi ni Búrẹ́dì. Rọra jẹ mí. Má sọ fún Ọ̀gá."
Ó ṣi "Búrẹ́dì" kọ, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣì.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti kúrò nílé ìwé lọ to ẹja.

Mo bẹ búrẹ́dì náà kí n tó jẹ ẹ́.
Ebi ń pa mí.