Àgùntàn Méje àti Ààbọ̀

Lẹ́tà náà dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú òjò.
Ishbel kò jókòó kó tó kà á.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà òjò lẹ́sẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ màlúù tó gbẹ̀bí fún lóru ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀.
Mo ní, "Kí ni adájọ́ wí?"
Ó ní, "Ó ní a jàre díẹ̀."

Jàre díẹ̀!
Mo mọ ẹni tó jàre, mo mọ ẹni tó jẹ̀bi;
ní gbogbo Winton yìí n ò tíì rí ẹni tó jàre díẹ̀,
bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ẹ̀sùn méjì ni ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ẹran fi kàn án:
pé abo ẹṣin Murdo Pryde kú nítorí pé ó dágunlá,
pé kò kọ iye oògùn tó fún un sínú ìwé.
Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án,
wọ́n tún ní kó san ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là
fún wàhálà tí wọ́n ṣe láti bá a wí.
Ẹni tí wọ́n nà náà ló ra pàṣán.

A gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Invercargill.
Ẹnu Tavendale, agbẹjọ́rò wa, dùn,
ṣùgbọ́n wákàtí rẹ̀ wọ́n ju ẹnu rẹ̀ lọ:
ọ̀kẹ́ méjì dọ́là.
Darandaran ni mí, àgùntàn ni mo fi ń ka owó.
Igba abo àgùntàn, gbogbo wọn ló lóyún,
gun ọkọ̀ ní oṣù kẹfà, wọn ò bojú wẹ̀yìn.
Pápá etí odò ṣófo.
Ajá mi ṣì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀,
ó ń kó afẹ́fẹ́ jọ.

Adájọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ẹṣin wò, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀:
ìfun ló lọ́, kò sí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀.
Ó yẹ ọ̀rọ̀ ìwé wò, ó ní òótọ́ ni.
Ó sọ oṣù mẹ́sàn-án di ìbáwí ẹnu lásán,
nígbà tí ìyàwó mi ti lo márùn-ún nínú rẹ̀
lójú fèrèsé, tó ń wo ọkọ̀ dókítà mìíràn tó ń kọjá.

Ó wá ku owó ẹjọ́.
Tavendale ní, "Àwa la ṣẹ́gun."
Agbẹjọ́rò ìgbìmọ̀ ní, "Àwa náà ṣẹ́gun."
Adájọ́ bá mú ọ̀bẹ.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òfin là sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀;
ó gé e sí méjì.
Ẹgbẹ̀rún méjìlá ti ìgbìmọ̀, ó gé ìyẹn náà.
Ẹ yọ mẹ́fà kúrò nínú méje àbọ̀.
Mo mú bírò, mo fi àgùntàn pín in lẹ́yìn àpòòwé:
igba lọ,
méje àti ààbọ̀ ló padà wálé.

Ààbọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.
Ṣé apá iwájú ni, tó lè jẹko tí kò lè bí,
àbí apá ẹ̀yìn, tó lè bí tí kò lè mọ ọmọ rẹ̀?
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí;
n ò mọ̀ pé àbọ̀ owó ni wọ́n ń san fún un.

N ò bú adájọ́. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì,
n ò rí ibi tó ti purọ́.
Ishbel fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lóru, ojú rẹ̀ sí àjà:
"Òtútù ti gan ọwọ́ mi. Mi ò kọ ọ́."

Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.
Lóru Sátidé, fóònù dún.
Murdo Pryde ni. Màlúù rẹ̀ ń rọbí,
ìdí ọmọ ló ṣáájú.
Kò kí wa. Kò tọrọ àforíjì.
Dókítà kejì ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Queenstown.
Mo ní kó má lọ.
Ó ti ń wọ bàtà.

Mo wò ó láti ojú fèrèsé.
Kò tíì yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.
Ó tan iná kékeré orí rẹ̀,
ó ṣí ìwé sórí itan,
ó wo aago,
ó ń kọ.