Ìwé Ara Ìgò

Èmi ni mo ń lẹ ìwé mọ́ ara ìgò
nínú ahéré onípákó tí Vizma sọ di iléeṣẹ́,
létí odò Gáújà, ní ilẹ̀ Látífíà.
Iṣẹ́ àtàǹpàkò ni.
Bí àtàǹpàkò bá yẹ̀, ìwé á wọ́.
Vizma á wo ìgò, á wò mí,
kò ní bínú; á kàn gbé omi gbígbóná síwájú mi.

Oṣù Kẹta, nígbà tí yìnyín ń kán tó, tó, tó láti etí òrùlé,
tí ilẹ̀ ṣì le lábẹ́ ewé ọdún tó kọjá,
omi a máa gòkè nínú igi bẹ́rísì.
Ẹnikẹ́ni kì í gun igi. Kò sí igbà, kò sí agbè.
Ihò kékeré kan, ìka méjì wọnú èèpo funfun,
ọ̀pá ike kan, garawa kan,
kí o sì dúró.
Omi náà mọ́ ju omi lọ.
Bí o bá tọ́ ọ wò, wàá rò pé wọ́n tàn ọ́ jẹ:
adùn rẹ̀ dà bí ẹni tó pe orúkọ rẹ láti òkèèrè,
tí o bojú wẹ̀yìn, tí o kò rí ẹnì kan.

Ọjọ́ méjì péré, ó ti rú. Ọjọ́ mẹ́rin, ó ti kan.
Àwọn ìyá ńlá wa kò bá a jà, wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa:
èso àjàrà gbígbẹ mẹ́ta nínú ìgò kọ̀ọ̀kan,
èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ̀ka igi kan tó ń rùn bí òjò,
kí wọ́n sin ín sínú iyanrìn ní yàrá abẹ́ ilẹ̀
títí di ìgbà tí a ń gé koríko.
Ṣùgbọ́n ohun tí à ń mu nílé kì í ṣe ohun tí à ń tà.
Ọjà a máa béèrè: ìgò yìí àti ìgò yẹn,
ṣé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n?

Ọdún àkọ́kọ́, igba ìgò.
Òru ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, mo gbọ́ ìbọn.
Mo ní ogun ti dé. Bàbá mi, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ti wọ bàtà.
Ìgò ni. Ọ̀kan pè, òmíràn dáhùn,
mẹ́tàlélógójì kí ilẹ̀ tó mọ́.
Vizma jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń kà wọ́n sókè:
ṣúgà tó pọ̀ jù, ìwúkàrà tí kò sùn,
ìgò olówó pọ́ọ́kú tí ara rẹ̀ tínrín.
"Ó kéré tán," ló wí, "ó láyà."

Ó ra ìgò tó nípọn, tí ìdí rẹ̀ jìn sínú.
Raitis, ọmọ àbúrò rẹ̀, ń kọ nọ́ńbà sára ògiri,
ìwọ̀n òtútù, ìwọ̀n kíkan.
Ìdánwò kẹtàdínlógún kò ṣeé mu.
Ìkejìdínlógún, bàbá mi mu ún, ó rẹ́rìn-ín,
kò sì mọ ohun tó ń rín.

Oníbàárà kan wá láti Kopenhágìn, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní.
Ó gbé e sórí ahọ́n bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.
Ó ní ó dára. Ó ní kí wọ́n fi ṣúgà díẹ̀ kún un.
Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgò lòun ń fẹ́.
Vizma wo garawa. Ó wo òrùlé tó ń jò.
Ó ní: ó dáa.
Inú kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà mo rántí
pé èmi náà ń gba owó oṣù.

Ìwé ara ìgò kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.
Òfin ti gba ìdajì rẹ̀:
iye omi, ohun tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí kò ní ṣeé mu mọ́.
Kò sáyè fún òru ìbọn, kò sáyè fún bàtà bàbá mi,
tàbí fún igi kan ṣoṣo lẹ́bàá ọ̀nà
tí omi rẹ̀ dùn ju ti yòókù lọ,
tí Vizma kì í pò mọ́ tìkankan.
Ogún ìgò ni igi yẹn ń fún un lọ́dún.
Kò fi ṣúgà sí i. Kò sí ìwé lára rẹ̀.
Ó tò wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mo sì ń dá wọn mọ̀ nínú òkùnkùn:
àtàǹpàkò mi kàn ń yọ̀ lára wọn.