Ọ̀gá Rò Pé Ẹja Ló Ń Kà

Ní Hachinohe, níbi tí òkun ti ń fi yìnyín yọ ẹnu,
Isogai Mineko ń la ikùn ẹja
nílé iṣẹ́ alágolo, láti aago márùn-ún ìdájí.
Ó ń fi ìka ka ìró lábẹ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà:
márùn-ún. Méje. Márùn-ún.
Ọ̀gá rò pé ẹja ló ń kà.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ń kọ káàdì ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn,
ọdún mọ́kànlá tí ìwé ìròyìn fi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Lọ́dún kejìlá wọ́n tẹ haiku kan jáde,
wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.
Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.
Ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Ta nìyí?"
Ó ní, "Èmi ni, lọ́jọ́ tí mi ò sí nílé."

Ìwé mẹ́ta ní ogójì ọdún.
Kó gbogbo wọn jọ, wọn ò wúwo tó ẹja kan.
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń sọ;
kí odindi wá ara rẹ̀ lọ sínú ẹni tó gbọ́.

Ẹ̀bùn dé nígbà tí orí ti funfun.
Ó wọ reluwé lọ Tókíyò,
ó jókòó láàárín àwọn tí ọwọ́ wọn kì í rùn.
Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.
Ó sọ ìṣẹ́jú méjì,
ó ní kí wọ́n fi èyí tó kù mu tíì.

Èmi ni mo ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sípàdé wa,
yàrá kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́.
A tó ogún rí. Ikú mú, ogbó mú,
Dobashi ṣí lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Sendai.
Ó ku àwa mẹ́rin àti sítóòfù tó ń wúkọ́.
Mo kọ ewì nípa ìyá mi tó kú,
mo fi "ìbànújẹ́" sínú rẹ̀.
Ó fi pẹ́ńsùlù pupa fa ìlà lé e.
"Bàtà rẹ̀ ńkọ́? Ibo lẹ kó bàtà rẹ̀ sí?"
Inú bí mi. Mo délé.
Mo ṣí àpótí bàtà.

Ní oṣù kejì, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.
Ìka rẹ̀ ń kan irin bẹ́ẹ̀dì;
nọ́ọ̀sì ní ọwọ́ ló ń gbọ̀n.
Mo kà á: márùn-ún. Méje. Mẹ́ta,
ó dúró.
Mo na ìka tèmi, kí n fi méjì kún un.
Ó mi orí.

Níta, ọkọ̀ ẹja ń wọlé.