Ọmọ Òṣómàáló ní Burnley

Bàbá bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ní Ìkàrẹ́.
Aṣọ àwìn ló tà, owó ẹ̀ ló wá gbà.
“Òṣó ni mà á ló kí n tó gbowó mi.”
Bó bá bá òkú nílẹ̀, á dìde, á gbọn ìdí aṣọ rẹ̀,
á dáwó pósí fún wọn,
á sì kọ ọ́ mọ́ gbèsè.

Èmi náà rèé ní Burnley, lọ́jọ́ Ẹtì,
òjò wínníwínní ń fọ òkúta ojú títì,
ìwé pélébé lápò, bírò létí,
mo ń kan ilẹ̀kùn Maureen Ormerod.
N kò lóṣòó. Ó ní kí n jókòó.
Ó ti gbé omi tíì kaná.

Haslam àti Ọmọ ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ wa.
Yàrá kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe:
kẹ̀kẹ́ kan, ìwé kan, Haslam kan.
Kì í ṣe báńkì.
Báńkì a béèrè ilé, a béèrè iṣẹ́ ọdún mẹ́ta;
Haslam, aṣọ fèrèsé rẹ ló ń wò, bóyá o fọ̀ ọ́.
Ó yá ọ ní ọgọ́rùn-ún, wàá san ọgọ́jọ,
pọ́n-ùn márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n.
Nílé wa, sogúndogójì là ń pe irú ẹ̀.
Lára ìwé Haslam, wọ́n kọ ọ́ pé: ìrànlọ́wọ́ díẹ̀.

Ó wú bí búrẹ́dì inú ààrò.
Ó dé Nelson, ó dé Accrington,
ó gba Rochdale kọjá, ó ra ilé onígíláàsì,
agbowó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, obìnrin ló pọ̀ jù,
nítorí Haslam kejì ní obìnrin ló ń mọ
ìgbà tí ọmọ ń ṣàìsàn àti ìgbà tó ń díbọ́n.
Oṣù Kejìlá ni ìkórè wa: bàtà ọmọ, ìbora, kẹ̀kẹ́ tuntun.
Oṣù Kìíní, ilẹ̀kùn á di ògiri.
Mà á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀,
mà á kọ “kò sí nílé” sínú ìwé,
mà á sì rọra tẹ̀ lórí òkúta, kí wọ́n lè máa wòran wọn lọ.

Ṣé mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà? Ẹ má bi mí.
Ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí mo bá gbà ni tèmi.
Òun ni mo fi rán Ìbídùn lọ sí yunifásítì.

Haslam kẹta kò mọ Maureen.
Ó kó wa jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Manchester,
ó fún wa ní bisikíìtì,
ó ní ilé-iṣẹ́ ti dàgbà, kò nílò ẹsẹ̀ mọ́.
Fóònù ni yóò máa yáni lówó, fóònù ni yóò máa sin gbèsè.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta, owó ti wọlé.
Aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó ti ń dún.

Maureen pè mí.
Ó ní ẹ̀rọ yẹn kò mọ̀ pé a sin Derek lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
pé ọ̀sẹ̀ òkú, èèyàn kì í gbowó.
“Ìwọ wá gbà á.”
Mo ní n kì í ṣe agbowó mọ́.
Ó ní òun mọ̀. Omi tíì ti hó.

Mo lọ. Àga wà, n kò jókòó.
Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
fóònù ń gbọ̀n lórí kápẹ́ẹ̀tì láàárín wa,
àwa méjèèjì ń wò ó.
Orúnkún ń dùn mí.
N kò mọ ẹni tí mo wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.