Òṣómàáló

Mo lóṣòó síwájú àga Bàbá Ògúnmọ́dẹdé
ní Òkèsà, Iléṣà,
mo wé aṣọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá, mo ń fún rọ́bà.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, gbèsè kí ni mo jẹ ọ́?
Èmi ni mo ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè tẹ́lẹ̀,
láti Gbọ̀ngán dé Ògbómọ̀ṣọ́,
aṣọ léjìká, ìwé gbèsè lápò.
N kì í dìde bí wọn ò bá sanwó."

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Igba ó dín márùn-ún.
Oṣù méjìlá la ó fi máa wá,
kí dókítà lè mọ èwo nínú oògùn méjì
ló ń mú un rọ̀ lára àwa oníyán wọ̀nyí."
"Èwo wá ni tèmi?"
Mi ò mọ̀. Dókítà gan-an ò mọ̀.
Ó wò mí títí. "Ọjà tí a kò tú wò rèé o."
Ó na apá. "Ẹ fà á."

Agolo mílíìkì ló ń kó oògùn sí,
á ka èyí tó ṣẹ́kù fún mi
bí ẹni ń ka ṣílè.

Oṣù kẹsàn-án, àga ṣófo.
Fọ́ọ̀mù bèèrè: kí ló dé tí ẹni yìí fi kúrò?
Àpótí kékeré mẹ́rin. Mo fàmì sínú ìkẹta.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú fíríìjì wa,
nọ́ńbà kẹtàlélógójì,
ó tutù, ó ń dúró de èsì.

Ìyàwó rẹ̀ na agolo sí mi. Hóró mọ́kànlá.
"Ó ní bẹ́ ẹ bá dé, kí n dá ọjà yín padà,
òun ò ní í jẹ gbèsè kú."

Òṣòó ni mo wà tí mo fi gbà á.
Mi ò lè dìde.