Fíìmù Tí Èèyàn Mọ́kànlá Wò

Ẹ má fi tòmátò inú agolo pe ẹ̀jẹ̀ fún mi mọ́.
Mo ti rí i tó.
Mo ti rí ojú tó ń tanná bí iwájú ọ̀kadà,
mo ti rí òkú tó fi àtíkè kunjú,
tí aago ṣì ń dán lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀,
tó ń lọgun pé, "Èmi ni ikú rẹ!"
bí ẹni ń pe èrò sọ́kọ̀ ní Kútọ̀.
Ikú wo ló ń forúkọ sílẹ̀ kó tó wọlé?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ilẹ̀kùn ni:
èyí tí a tì lálẹ́, tó ṣí díẹ̀ láàárọ̀,
tí oníkálukú nínú ilé ń rò pé
ẹlòmíì ló ṣí i.

Ṣówándé tó ń tún fóònù ṣe ní Sàpọ́n
ya fíìmù kan, ó pè é ní Àwo Kẹjọ.
Fóònù oníbàárà kan tí kò padà wá mọ́ ló fi yà á.
Ojú kámẹ́rà rẹ̀ ti sán,
ìlà kan la ojú ọ̀run já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
Àwọn ọ̀mọ̀ràn ní àléébù ni.
Èmi ní ibẹ̀ ni nǹkan náà ń gbà wọlé.

Ìtàn rẹ̀ ò ju báyìí lọ:
ilé kan ní Ìjẹmọ̀, òrùlé rẹ̀ ti dípẹtà,
èèyàn méje ló ń gbébẹ̀.
Ìyá ń bu oúnjẹ. Àwo mẹ́jọ.
Lọ́jọ́ kejì, àwo mẹ́jọ.
Ẹnìkan ò bi í.
Ẹ gbọ́ mi? Ẹnìkan ò bi í!
Ilẹ̀ mọ́, ó ń ṣa àwo jọ,
mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wọ́n ti lá mọ́ tónítóní.

Ìyá Mojíròlá ló ṣe ìyá náà,
ẹni tí kò ṣeré rí láyé rẹ̀,
tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ aráyé ní ìṣirò.
Irú wọn kì í ṣì kà.
Kò sunkún, kò lanu;
ó kàn ń fi àtàǹpàkò nu etí àwo,
rọra, bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ.
Ẹ wá òṣèré olówó ńlá tó lè ṣèyẹn fún mi.

Àwa mọ́kànlá la wò ó
nílé ìwobọ́ọ̀lù ní Ìta-Ìyálóde, igba náírà.
Méjì wá gba iná sí fóònù,
ọ̀kan ń hanrun,
onílé ní ká ṣe kíá, bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀.
Rájí tó jókòó tì mí ní,
"Iwin ọ̀hún dà? Ṣé a ò ní rí i ni?"
Díẹ̀ ló kù kí n fi bàtà lù ú.

Nítorí kámẹ́rà yẹn ò dìde nílẹ̀ rárá.
Lórí ẹní ló wà, níbi tí ọmọdé máa ń jókòó sí,
ó ń wo orúnkún, ó ń wo ìdí ìkòkò.
Bí ìyá bá sì gbé àwo kẹjọ,
iwájú rẹ̀ ló ń gbé e sí.
Iwájú rẹ̀.
Iwájú wa.
Rájí, ìwọ ni iwin náà! O tiẹ̀ sanwó.

Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ò já geere. Lóòótọ́ ni.
Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún nínú rẹ̀. Ó ń dún.
Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ìparí rẹ̀:
jẹnẹrétọ̀ kú, òkùnkùn bolẹ̀,
ẹnìkan sì ń jẹun lọ.

(Mo ní òmíràn, tí ọmọ Ìgbẹ̀in kan yà
ní afárá rélùwéè Láfẹ́ńwá:
ọkùnrin kan ń dúró de ọkọ̀ tó ti kọjá lánàá.
Ìdajì rẹ̀ ti bàjẹ́. N ò yá ẹnikẹ́ni.)

Ṣówándé ò ya fíìmù mọ́, gbèsè ò jẹ́.
Ó ní àwo méje péré lòun tẹ̀ jáde,
ẹbí òun ló sì kó gbogbo rẹ̀ lọ.
Mo lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n:
àwo méje pé sọ́wọ́ wọn.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi nìyí.