Ìdajì Ìṣẹ́jú Àáyá

Ìjì àná ló ti díìṣì Màmá Ṣubúọlá
kúrò lójú ibi tó ń wò.
Mo gun òrùlé l'Ókè-Ààrẹ láàárọ̀, sípánà lápò,
páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ níwájú mi títí dé Mápó.
Màmá di àkàbà mú nísàlẹ̀, ó gbójú sókè:
"Ọmọṣẹ́ Oyèlárán, kí ni ohun yìí tilẹ̀ ń wò?"

Mo ní, Màmá, irin kan ni, wọ́n gbé e kọ́ sókè réré,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìndínlógójì kìlómítà.
Ẹ lọ Èkó, ẹ bọ̀, lọ́gọ́rùn-ún ìgbà,
ẹ ò tíì débẹ̀.
"Kò ní já lù wá?"
Kò ní já. Eré ló ń sá.
Bí ilẹ̀ ayé ṣe ń yí lòun náà ń yí,
bí ọmọ ẹ̀yìn: ìyá ń lọ sódò, ìyá ń bọ̀ lódò,
ọmọ ò kúrò lójú kan.
Oòrùn ló ń jẹ. Apá méjèèjì ló nà sí i.
Bí mo bá wá ṣi díìṣì yìí yí, ìbú ìka kan péré,
òfìfo la ó máa wò títí ilẹ̀ ó fi ṣú.

Mo fi kọ́ńpáàsì wá ìlà-oòrùn,
mo gbé ọrùn rẹ̀ sókè, mo tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀,
mítà ń ké bí òròmọdìẹ tó sọnù,
ó ń ké, ó ń ké,
àfi gbọọrọ, ó rí ìyá rẹ̀.
Mo fún nọ́ọ̀tì pinpin.

Gúgúrú àti ẹ̀pà ló fi ṣe mí lálejò.
Ó ní Àkànmú òun wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé epo lórí òkun.
"Ó máa ń pe mí. Ṣùgbọ́n ó ń dákẹ́ kó tó dáhùn.
Láti kékeré, bó bá ti dákẹ́ báyẹn,
irọ́ ló ń wá."

Mo ní, rárá o. Kò sí òpó síginà lójú òkun.
Ohùn yín á kọ́kọ́ gòkè lọ bá irin yẹn,
á gbà á, á pààrọ̀ aṣọ fún un,
kí èyí tó ń gòkè àti èyí tó ń sọ̀ má baà forí gbárí,
á fún un lókun, á jù ú sọ́dọ̀ Àkànmú.
Tiẹ̀ náà á tọ ọ̀nà kan náà bọ̀.
Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, bóyá ó lé díẹ̀.
Ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó ti dé.
Kì í ṣe irọ́, Màmá. Ọ̀nà ló jìn.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ọdún méjì ló ti fi bínú sọ́mọ
nítorí ọ̀nà.

Fóònù dún bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́.
"Ṣé o ti jẹun?"
Ó rọra pàtẹ́wọ́ lórí itan.
"Mo ti jẹ, Màmá."
"Òtútù ńkọ́?"
Ó tún pàtẹ́wọ́.
"Kò pọ̀."
Ó ṣẹ́jú sí mi, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìṣirò.
"Àkànmú, ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé?"

Mo kà á nínú. Ení. Èjì.
Ọ̀rọ̀ ti gòkè, ó ti sọ̀.
Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.
Ó ti tún gòkè, ó ti tún sọ̀.
Ẹyẹ kan bà sórí díìṣì, ó fò lọ.

"Láìpẹ́, Màmá."

Ó fọwọ́ bo fóònù, ó kọjú sí mi:
"O ò rí i? Ojú ọ̀run mà jìn lóòótọ́."

Mo ń ká wáyà mọ́ ọwọ́.
Mo ní ó jìn, Màmá. Ó jìn gan-an.
Ìdajì owó iṣẹ́ ni mo gbà.
Ohun tí n ó wí fún ọ̀gá, mi ò tíì mọ̀.